Sípíkà Tí Apá Òsì Rẹ̀ Kì Í Fọhùn

Olóhùn-iyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé ariwo ìlú ńlá kò tíì di ọ́ létí? Àwa ńlé wà dáadáa, a dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ títí, ó ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun lásìkò, mo sì ti bi ọ́ báyìí. Ewúrẹ́ wa bímọ, ọmọ náà jọ onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa, ṣùgbọ́n a ò tíì sọ fún un. Ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ á gbà ọ́.

Ọ̀rọ̀ sípíkà tó o fẹ́ rà ló mú mi jókòó ti bébà. O ní o ti fi aṣọ ìbora bo ògiri yàrá rẹ kó o lè máa gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀. Ìyá rẹ ní ṣé òtútù ń mú ògiri ni, mo ní kó dákẹ́, pé iṣẹ́ ni. O ní mọ́nítọ̀ ni wọ́n ń pe irú sípíkà bẹ́ẹ̀. Mọ́nítọ̀ tí èmi mọ̀ ni ọmọ tí tíṣà ní kó máa kọ orúkọ àwọn tó ń pariwo, tèmi ló sì máa ń kọ́kọ́ kọ. O tún ní kì í bu iyọ̀ sórin, pé bóhùn ò bá dáa, á tú àṣírí ẹ̀. Háà, ta ló ń fowó ra ẹlẹ́jọ́ sínú yàrá? Ti onígbàjámọ̀ rèé, ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù, tó bá ti tan án, abọ́ inú ilé wa á máa jó, kò sì sí orin tí kì í dùn nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n o ní gbogbo owó tó o tù jọ nìyẹn, pé tó o bá ra èyí tí kò dáa, kò sí òmíràn mọ́, àwọn olórin á sì gba ibòmíràn lọ. O ní etí mi lo gbẹ́kẹ̀ lé. Orí mi wú! Mẹkáníìkì bíi tèmi tó bá mọṣẹ́ kì í kánjú ṣí ẹ́ńjìnnì. Èmi á kàn yí orí, màá fi etí ọ̀tún tì í, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é nìyẹn.

Nígbà tó o wá fi ohùn àwọn sípíkà inú ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ sórí fóònù, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, torí n ò mọ̀ bóyá àwọn ọlọ́jà ń rí mi. Onígbàjámọ̀ yá mi ní okùn tí wọ́n ń kì bọ etí méjèèjì. Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́, apá ọ̀tún ń kọrin, apá òsì ò fọhùn. Èkejì, bákan náà. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, kò sí ọ̀kan tí apá òsì ẹ̀ yè! Inú bí mi. Mo ní àwọn olè, wọ́n rí ọmọ ará oko, wọ́n fẹ́ ta òkú sípíkà fún un. Mo ní kó o ra ẹyọ kan péré, ẹnu kan náà ṣáà ni olórin fi ń kọrin.

Ìyá rẹ gba okùn lọ́wọ́ mi, ó kì í bọ etí tiẹ̀, ó ní méjèèjì ń kọrin. Mo ní àánú àwọn ọlọ́jà ló ń ṣe é. Ó bá yí okùn náà padà sí mi létí, ti òsì bọ́ sí ọ̀tún, ti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Yéè! Èyí tó ti kú jí, èyí tó ń kọrin dákẹ́. Mo ní iṣẹ́ ìyanu rèé. Mo rí onígbàjámọ̀ tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, mo ní kí ló dé, ó ní ìyá rẹ ń pè mí látòsì, ó ti ń pè mí tipẹ́.

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ìgbà tó yá ni mo rí i pé ẹkún ti wọ̀ ọ́. Ó ní apá òsì mi lòun ń sùn sí láti ọjọ́ yìí, pé òun á sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, n ò ní dáhùn, òun rò pé ọ̀rọ̀ òun ti sú mi ni. Ó dùn mí gan-an, ọmọ mi. Èmi tí mo rò pé àgbà ló jẹ́ kó dín ọ̀rọ̀ kù, mo tiẹ̀ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ẹ̀!

Mo ti fi etí ọ̀tún tún gbogbo ẹ̀ gbọ́, apá kan lẹ́yìn èkejì. Ra sípíkà kejì tó o fi ránṣẹ́ yẹn, kékeré tí owó ẹ̀ ò ga. Nínú ẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ tí olórin ń mí. Méjèèjì ni kó o rà o, kó o jókòó síwájú wọn bó o ṣe sọ, kẹ́ ẹ dà bí ààrò mẹ́ta, ààrò mẹ́ta kì í dọ́bẹ̀ nù.

Tí àwọn olórin bá ti sanwó, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún dókítà etí. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má kánjú, ó ti gbé ìrọ̀rí ẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún mi. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀ o, n ò sùn dáadáa mọ́, inú mi sì dùn.

Etí rẹ méjèèjì á máa gbọ́ ire.

Èmi bàbá rẹ.