Ọ̀pá Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi àti Ọ̀nà Róòmù

                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Bíṣọ́ọ̀bù,
                                        Trogir,
                                        Ọjọ́ kejì ọdún Mátíìnì Mímọ́, 1238.

Guizzardo, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá ńkọ́, ṣé ikọ́ wọn ti lọ sílẹ̀? Àbúrò rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ńkọ́, ṣé ara ti ń mọlé? Bolonya á ti tutù báyìí. Má tún lọ ta aṣọ òtútù rẹ nítorí ọtí o. Ara tèmi le. Orí nìkan ló ń fọ́ mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló sì fọ́ ọ.

O rántí Bàbá Grubeṣa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà, apẹja tí mo máa ń ròyìn wọn fún ọ. Nígbà ìrúwé, ewúrẹ́ Dobre, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sìn nídìí pẹpẹ, wọ ọgbà àjàrà wọn, ó jẹ ọ̀mùnú apá kan rẹ̀ tán. Bàbá ò lọ bá a nílé. Ó di ọjọ́ Àìkú, lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, lójú gbogbo ayé, wọ́n fi ọ̀pá wọn la Dobre léjìká.

Ìwọ náà mọ òfin: ẹni tó bá lu ẹni tó wà nínú iṣẹ́ àlùfáà, ó ti di ẹni ìyọkúrò nínú ìjọ lójú ẹsẹ̀, àfi kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá Póòpù ní Róòmù kó tó rí ìdáríjì. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń bá Bàbá jẹun. Ìkórè dé, àwọn aládùúgbò ò yọjú. Ìyá Draga, ìyàwó wọn, ń sunkún pé bí ọkọ òun bá rin ìrìn yẹn nínú òtútù, ojú ọ̀nà ni yóò kú sí, a ò sì ní sin ín sí ilẹ̀ ìjọ.

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ṣebí òfin ìjọ tí a jọ kọ́ ní Bolonya nìyẹn? Òfin yìí le koko nígbà tí wọ́n ṣe é, ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ń kọ̀wé béèrè ni àwọn Póòpù ń dá wọn lóhùn: obìnrin kò ní láti lọ, aláìsàn kò ní láti lọ, arúgbó náà kò ní láti lọ; bíṣọ́ọ̀bù ilé lè tú wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé àlùfáà ni, ìyẹn ò jẹ̀bi rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ìwọ̀n rẹ̀ ò dọ́gba: ta ló ṣẹ̀ ẹ́, níbo, nígbà wo, kí ló fà á? Àní ilẹ̀kùn tí Bàbá lè gbà jáde pọ̀ bí nǹkan míì. Guizzardo, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ ara wọn tì pa!

Nígbà tí a dé ilé-ẹjọ́, Bàbá Lampre, adájọ́ bíṣọ́ọ̀bù, kọ́kọ́ bi Bàbá bóyá wọn ò dá Dobre mọ̀ ni, torí irun ti bo ibi tí wọ́n ń fá láàárín orí rẹ̀, èyí tí a fi ń mọ òṣìṣẹ́ ìjọ.

"Èmi? Èmi tí mo wà níbi ìsàmì rẹ̀! Torí pé mo mọ̀ ọ́n ni mo ṣe lù ú."

Bàbá Lampre tún béèrè bóyá wọ́n ti mu wáìnì díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Wáìnì wo? Ewúrẹ́ rẹ̀ ti jẹ ẹ́ kó tó di wáìnì!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ tún ní bóyá ọjọ́ orí ló fà á.

"Ta lẹ ń pè ní arúgbó? Ẹ bi Draga léèrè!"

Ìyá Draga fi ìborùn bojú. Mo rọra tẹ Bàbá lẹ́sẹ̀. Wọ́n kígbe lé mi lórí: "Akọ̀wé Bolonya, kí lo ń tẹ̀ mí fún?"

Bàbá Lampre wá nawọ́ sí ọ̀pá wọn. "Ọ̀pá yẹn, ṣé ìtìlẹ̀ ni àbí ohun ìjà?"

O mọ ibi tí ìbéèrè náà ń lọ. Bó bá jẹ́ ìtìlẹ̀, arúgbó ni wọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ fúyẹ́. Bó bá jẹ́ ohun ìjà, tí a wá gbé e lé orí ọjọ́ Àìkú àti ẹnu ọ̀nà ìjọ, ẹrù tún wúwo sí i. Mo ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n.

"Ohun ìjà ni!"

Mo ká ọwọ́ lérí.

Bàbá Lampre rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. A kì í mú ohun ìjà wọ ilé-ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé e fún mi, kí ẹ máa rìn lọ sí Róòmù. Ilẹ̀kùn nìyẹn."

Bàbá gbé ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n na ẹ̀yìn gbọn-in, wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n. Wọn ò tíì dé àárín yàrá tí orúnkún fi yẹ̀. Dobre ló fò dìde gbá wọn mú, ó fi èjìká tí wọ́n lù náà gbé wọn ró.

"Ẹ rọra, Bàbá."

"Fi mí sílẹ̀, eléwúrẹ́! Ilẹ̀ yín ló ń yọ̀."

Síbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí èjìká náà bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá Lampre yíjú sí akọ̀wé ilé-ẹjọ́. "Kọ ọ́ sílẹ̀: arúgbó."

Ó tán. Wọ́n tú Bàbá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Nítorí ọjọ́ Àìkú àti ẹnu ọ̀nà ìjọ, adájọ́ ní kí wọ́n dúró níbẹ̀ láìwọ bàtà títí ìsìn kan yóò fi parí. Kí Dobre sì so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń wọlé jẹun. Ìyá Draga ń kọrin nídìí ààrò.

Bàbá ńkọ́? Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́! Wọ́n ní mo mú wọn lọ ní ọkùnrin, mo mú wọn bọ̀ ní arúgbó, pé gbogbo etí òkun ti gbọ́. Láàárọ̀ yìí mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá pa bàtà ìrìn àjò. Wọ́n ní Róòmù làwọn ń lọ, kí Póòpù fúnra rẹ̀ wo àwọn dáadáa, kó pa ọ̀rọ̀ “arúgbó” yẹn rẹ́. Èwo ló tún burú jùyẹn? Dobre ti gbà láti tẹ̀lé wọn. Ó ní òun á máa bá wọn gbé ọ̀pá.

Jọ̀ọ́, bá mi bi olùkọ́ wa: òfin wo ló wà fún ẹni tí a dárí jì, tó ń bínú pé a dárí ji òun? Tètè fèsì, kí ọ̀rá tó wọ inú bàtà yẹn tán.

Bá mi kí Ìyá, kí o sì kí gbogbo ará ilé ẹ̀kọ́ wa, pàápàá àwọn tó rò pé ìwé ti tó láti gba ènìyàn sílẹ̀.

Èmi ni, tìrẹ, títí orí yóò fi fọ́ tán,

Desa.