Ìyá Ìbejì Tó Ní Ká Kọ́kọ́ Gbàṣẹ: Ìgbésí Ayé Olóògbé Olúfọlákẹ́ Àjíbíkẹ́ Adéyanjú (1955–2025)

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn obìnrin mọ́kànlá jókòó sínú kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Okota, wọ́n ń dúró de alága wọn. Ọjọ́ náà ni Ẹgbẹ́ Obìnrin Atúdìí-Ọ̀ràn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń kọ ìwé ìtàn nípa ìpànìyàn, olè jíjà àti irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, fẹ́ pinnu ohun tí wọn yóò máa lépa fún ọdún márùn-ún tó ń bọ̀. Alága wọn, Màmá Adéyanjú, kì í pẹ́ dé ìpàdé. Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá, Nafeesah tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tú ìdí ọ̀ràn yìí. Ta ló jí Màmá gbé?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu wọn tí fóònù rẹ̀ fi dún. Táíyé, àkọ́bí Màmá, ló pè. Ó ní Màmá ti múra, wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ní kí àwọn fìdí lé àga lẹ́nu ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó dé, wọn ò sì dìde mọ́.

Wọn ò lè ṣe ìpàdé mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá ti ń bẹ ẹgbẹ́ fún láti ọdún tó kọjá wà lójú pátákó níwájú wọn. Ẹgbẹ́ ò tíì fọwọ́ sí i, kò sì sí ẹni tó ní ọkàn láti pa á rẹ́.

A bí Olúfọlákẹ́ Àjíbíkẹ́ ní Ìrágbìjí, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 1955, sínú ìdílé Ọládòṣù. Káfíńtà ni bàbá wọn, Josáyà Ọládòṣù, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ìjọ ní katikísìmù. Àdín ni ìyá wọn, Tinúadé, máa ń ṣe tà. Tinúadé kò kàwé, ṣùgbọ́n Màmá máa ń sọ pé lọ́dọ̀ ìyá àwọn ni àwọn ti kọ́kọ́ rí bí a ṣe ń wádìí ọ̀ràn. Bí ẹran bá dín nínú ìkòkò, Tinúadé kì í béèrè pé ta ló jẹ ẹ́. Yóò bu oúnjẹ fún gbogbo ọmọ, yóò wá béèrè pé, "Ta ni ebi ò pa?"

Ní ọdún 1961 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìrágbìjí, wọ́n sì tẹ̀ síwájú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin ní Òṣogbo. Níbẹ̀ ni olùkọ́ kan ti gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ wọn, tó rí i pé ìtàn ẹni tó jí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló kún inú rẹ̀. Olùkọ́ náà ní kí wọ́n dìde kà á sókè kí ojú lè tì wọ́n. Nígbà tí wọ́n kà á dé ibi tó parí sí, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló béèrè pé, "Àjíbíkẹ́, ta wá ni olè náà?" Wọ́n ní àwọn ò tíì mọ̀.

Wọ́n kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé lórí ẹ̀rọ ní Òṣogbo, wọ́n sì dé Èkó ní ọdún 1977, níbi tí wọ́n ti gba yàrá kan ní Ìsọlọ̀. Láti ọdún 1978 títí di ọdún 2013 ni wọ́n fi ń tẹ àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ní kóòtù. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi gbọ́ ohun tí ọmọ ènìyàn lè ṣe fún ọmọ ènìyàn. Wọn ò mú ọ̀kan nínú rẹ̀ wálé rí. Bí a bá béèrè bí ibi iṣẹ́ ṣe rí, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ìka ń ro mí."

Ní ọdún 1981 ni wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ṣíjúadé Adéyanjú, ẹni tó ń tún iná mànàmáná ṣe ní pápákọ̀ òfurufú, tó sì ń gbé ní Àjàó Estate nígbà náà. Ọlọ́run fi àwọn ìbejì ta wọ́n lọ́rẹ ní ọdún 1983, Motọ́lání sì dé ní ọdún 1988. Ní ọdún 1996 ni ìdílé kó lọ sí ilé ara wọn ní Okota. Ìjà kan ṣoṣo tí a mọ̀ pé ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni pé ojú ewé tó kẹ́yìn ni Bàbá máa ń kọ́kọ́ kà nínú ìwé. Nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé tiwọn, wọ́n á yọ orí tó kẹ́yìn sápò kí wọ́n tó gbé ìyókù fún ọkọ wọn. Bàbá yóò wá máa tẹ̀ lé wọn kiri ilé, "Ìyá Ìbejì, sọ fún mi, ṣé bàbá onílé ló pa á?"

Ọmọ ìjọ tòótọ́ ni Màmá. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo àdúrà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán Sunday fún ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní gbọ̀ngàn ìjọ ní Ìsọlọ̀. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí ń wá, wọn ò sì ní kí ẹnikẹ́ni kọrin tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ní ọdún 2014, ni àwọn àti obìnrin mẹ́rin dá Ẹgbẹ́ Obìnrin Atúdìí-Ọ̀ràn sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn gbà pé kí obìnrin kọ̀wé ìfẹ́, kí ó kọ ìwé ọmọdé, ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀wé nípa apànìyàn, wọn yóò ní kí ọkọ rẹ̀ ṣọ́ra fún ọbẹ̀ tó ń sè. Màmá ń bá àwọn tí kò ní kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń gbé ọmọ pọ̀n kí ìyá ọmọ lè rí ojú ewé méjì kọ. Ní ìpàdé, ẹni kan yóò ka ìtàn rẹ̀, àwọn yòókù yóò máa wá ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi náà. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n kí ìtàn tó dé ìdajì, òǹkọ̀wé yóò ra ẹ̀pà fún gbogbo ilé. Màmá pàápàá ra ẹ̀pà lẹ́ẹ̀mẹta.

A ò ní fi àṣìṣe wọn pamọ́, nítorí àwọn fúnra wọn ò fi í pamọ́. Ní àdúgbò wa ni Ìyá Abdulwasiu, ọmọ Ìsẹ́yìn, ti ń ta bọ́tìnnì, òwú àti síìpù fún àwọn télọ̀. Ní ọdún 2016, ọmọ rẹ̀ Abdulwasiu, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń lẹ táyà ọkọ̀, jáde nílé, kò padà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá rẹ̀ fi ń se oúnjẹ rẹ̀, tó ń fi abọ́ dé e lórí tábìlì. Ní ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n rí òkú rẹ̀. Títí di òní, wọn ò mọ ẹni tó pa á. Inú ṣọ́ọ̀bù bọ́tìnnì yẹn ni Màmá jókòó sí tí ìyá ọlọ́mọ fi sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn, tí àwọn méjèèjì jọ sunkún.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìwé Màmá kan jáde, *Oúnjẹ Ọjọ́ Mẹ́sàn-án*. Wọ́n ti yí orúkọ padà, wọ́n yí ìlú padà, wọ́n yí iṣẹ́ padà. Abọ́ náà nìkan ni wọn ò yí padà, nítorí ó dùn ún kọ jù. Nínú ìwé yẹn, ọlọ́pàá inú ìtàn wo abọ́ oúnjẹ náà, ó ní a ò sè é kí ẹnikẹ́ni lè jẹ ẹ́, a sè é kí aládùúgbò lè rí i ni: ìyá náà mọ̀ pé ọmọ òun ti kú, ó sì ń bo ẹni tó pa á láṣìírí. Ìwé náà tà ju gbogbo ìwé wọn lọ. Àwọn aládùúgbò tó ti fojú ara wọn rí abọ́ lórí tábìlì Ìyá Abdulwasiu sì bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ nígbà tí ó bá kọjá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ń ka ìwé náà sókè fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń dúró gba síìpù. Ìyá Abdulwasiu gbọ́. Kò ti ṣọ́ọ̀bù tó fi wá bá wa nílé.

"Ìyá Ìbejì, abọ́ ọmọ mi ló wà nínú ìwé yín."

Màmá, tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ foríjì mí."

"Ẹ dìde. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo wá gbà. Wọ́n ń sọ ọ́ pé mo mọ̀. Ta ló máa lọ sọ fún wọn pé n ò mọ̀?"

Màmá dìde, wọ́n sì bá a lọ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi wọ ilé mẹ́tàlélógún, wọ́n ń sọ ohun kan náà: òótọ́ ni abọ́, irọ́ ni ìyókù, èmi ni mo pa irọ́ náà. Àwọn kan ní, "Màmá, ìtàn lásán mà ni." Ọkùnrin kan ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kí òun tán tó fi ní, "Ṣé ìwé lẹ tún gbé wá tà?" Gbogbo ìwé náà tó kù lọ́wọ́ àwọn tó ń tàwé ni Màmá gbà padà, a ò sì tún un tẹ̀. Ìyá Abdulwasiu kò fi ẹnu sọ pé òun dárí jì wọ́n. Lẹ́yìn ilé kẹtàlélógún, nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ Màmá ti wú, ó ní kí wọ́n wọ ilé òun wá mu omi.

Láti ìgbà náà ni ohun kan ti ń jẹ Màmá lọ́kàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ ṣètò àfojúsùn tuntun, àwọn ọ̀dọ́ wá pẹ̀lú èrò tó gbóná: kí ẹgbẹ́ máa tẹ ìwé mẹ́wàá lọ́dún, kí wọ́n dá ẹ̀bùn sílẹ̀, kí wọ́n ta ìtàn fún àwọn tó ń ṣe fíìmù. Màmá fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá fi ọ̀kan kún un: bí ìbànújẹ́ ẹnì kan bá wọ ìwé wa, ká jókòó ti onítọ̀hún, ká kà á sí i létí, kí ìwé tó dé ilé ìtẹ̀wé.

Nafeesah ni kò gbà. Ọmọ oníṣòwò Òṣòdì ni, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú o. Tó bá di pé à ń gbàṣẹ, ṣé ká lọ bá olè náà gbàṣẹ ni?"

Màmá bá àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. "Olè ò pàdánù nǹkan kan, Nafeesah. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni mò ń wí."

"Tó bá wá lóun ò gbà ńkọ́? Iṣẹ́ ọdún méjì, kí n dáná sun ún?"

"Kí o kọ òmíràn."

"Ẹ̀yin ti kọ mẹ́fà, Mà. Ọ̀kan ṣoṣo ni tèmi."

Gbogbo ilé mọ ìwé tó ń sọ. Ìtàn ọlọ́dẹ kan ni, tí àwọn adigunjalè yìnbọn pa lẹ́nu géètì tó ń ṣọ́ ní Àjàó Estate, ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní ọdún 2021. Ọlọ́dẹ náà ń jẹ́ Múrítàlá. Ìwé náà sì ti wà lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Nígbà tí Màmá délé, wọ́n sọ fún Bàbá pé, "Ọmọ yẹn ò jàre, ṣùgbọ́n òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀." Wọn ò fi ipò alága fipá mú ẹgbẹ́ gbà á. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ rò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i, kí wọ́n tó dìbò. Sátidé ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ìdìbò náà bọ́ sí.

Màmá fi ọkọ sáyé, Bàbá Ṣíjúadé Adéyanjú, àwọn ọmọ, Táíyé ní Okota, Kẹ́hìndé ní Ìbàdàn, àti Motọ́lání, nọ́ọ̀sì, ní Àjàó Estate, ọmọ-ọmọ méje, àbúrò ọkùnrin kan ní Ìrágbìjí, àti àwọn obìnrin mọ́kànlá tí wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà.

Àjíbíkẹ́ ọmọ Ọládòṣù, ẹ rọra máa lọ. Kí Olúwa tó rí gbogbo ohun tó pamọ́ fi ojú àánú gbà yín. A ò ní gbàgbé yín nílé, a ò ní gbàgbé yín lójú ọ̀nà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú kí a tó parí ìwé pẹlẹbẹ yìí, Nafeesah wá kí Bàbá. Nígbà tó jókòó pẹ́, ó ní òun ti gba ìwé òun padà lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé, ó ní ṣé Bàbá lè sin òun dé ibì kan nítorí ẹ̀rù ń ba òun. Bàbá wọ fìlà, wọ́n jọ lọ sí Ìsọlọ̀, sí yàrá tí Ìyá Ashraf, opó Múrítàlá, ń gbé. Nafeesah sọ ìdí tó fi wá. Obìnrin náà gbé àga fún Bàbá, ó tẹ́ ẹní fún Nafeesah, ó ní, "Máa kà á, mo ń gbọ́." Ó kà á dé ibi tí àwọn adigunjalè ti bá ọlọ́dẹ tó ń sùn lẹ́nu géètì. Ìyá Ashraf gbé ọwọ́ sókè.

"Kò sùn," ló wí. "Fèrèsé ló ń gbá kiri kí àwọn onílé lè jí. Ibi tó ti ń gbá a ni wọ́n ti yìnbọn fún un."

Nafeesah fa ìlà sí gbólóhùn náà. Ó fa ìlà sí èyí tó tẹ̀ lé e, títí tó fi dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀," ó sì ń kọ ọ́ bí Ìyá Ashraf ṣe ń sọ ọ́.