Páìpù Irin Ló Ń Dá Iná Wa Dúró

Ojúlé Kẹsàn-án,
Abúlé Dealu Sărat,
Prahova.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Okúdù, 2008.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Tiberiu,

Kí n tó kí ọ, gba ìṣirò owó rẹ. Ẹgbẹ̀rún méjì yúrò tí o fi ránṣẹ́ di 7,300 lei nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ. Táǹkì tí ń mú wàrà tutù, àlòkù, gba 3,200. Wáyà bàbà tí rọ́bà bò lára, ẹgbẹ̀ta mítà, ní lei mẹ́fà mẹ́fà, gba 3,600. Fíúsì àti àwọn ohun ìsopọ̀ gba 180. Páìpù kò ná wa ní nǹkan kan. Ó ku 320 lọ́wọ́ mi.

Wàyí o, ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ bíríkì ní Torino kò ni ọ́ lára jù? Ruxandra ìyàwó wa ńkọ́? Ilinca ọmọ wa ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà? Màmá wà dáadáa. Orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu bí òjò bá ti ṣú. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun.

Tiberiu, inú mi dùn débi pé n kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Wàrà wa ti tutù. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí a pàdánù gbogbo rẹ̀. Gavril, ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ gba wàrà káàkiri, ti sọ fún mi pé bí wàrà wa bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ọjọ́ Sátidé, òun kò ní dúró ní ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Zamfira ìyàwó mi ti ń wo àwọn màlúù lójú láti mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ tà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. O mọ̀ pé kò sí ẹ̀yìnkùlé kan lábúlé wa tí kò ní páìpù àwọn kànga epo àtijọ́. Òun la fi ń ṣe ọgbà, òun la fi ń gbé àjàrà dúró. Láti ibi mítà iná lẹ́bàá títì dé ilé màlúù, ọ̀ọ́dúnrún mítà ni. Nítorí pé páìpù pọ̀, tí kò sì sí owó rẹ̀, mo ri ọ̀wọ́ méjì mọ́lẹ̀: wáyà tó ń lọ wà nínú ọ̀kan, wáyà tó ń bọ̀ wà nínú èkejì, kí wọ́n má baà fara kanra. Gbogbo ẹni tó rí i ló yìn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan táǹkì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kàn ń kùn ni, kò yí.

Bàbá Dumitrache òdìkejì ọ̀nà wá wò ó. Ó ní, “Amọ̀ tútù yìí ló ń mu iná rẹ. Ó ń mu ún bí ọkọ ọmọ mi ṣe ń mu ọtí.” Ó ní yanrìn gbígbẹ ló kù. Ó fi katakata rẹ̀ kó o wá, a tú ilẹ̀, a fi yanrìn yí páìpù ká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń kùn.

Ọlọ́run ló rán Ìyáàfin Ortansa wá ra wàràkàṣì. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n, àwọn tó fi iṣẹ́ iná kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní Câmpina kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n so ohun ìgbóná méjì tí yóò máa fa iná mọ́ ìdí wáyà, wọ́n sì wọn iná. Nínú 220 fọ́ọ̀tì tó wà lẹ́bàá títì, mo ti fi ìnípọn àti gígùn bàbà ṣírò pé a ó pàdánù 13. A pàdánù 31.

Wọ́n ní, “Ìṣirò rẹ dára, Leontin. Nǹkan mìíràn ló ń jẹ ìyókù.”

Bàbá Dumitrache ní, “Yanrìn yẹn kò tíì gbẹ tó ni.”

Ìyáàfin Ortansa ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí yanrìn sinmi.”

Wọ́n ní ká yọ wáyà méjèèjì, ká tẹ́ wọn sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo bi wọ́n léèrè iye tí yóò ná wa. Wọ́n ní òógùn nìkan ni. Òjò ti pa koríko náà gbindin, síbẹ̀ nígbà tí mo tan táǹkì, ẹ́ńjìnnì yí lẹ́ẹ̀kan náà. Zamfira jókòó sórí garawa, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àlàyé wọn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Iná tó ń gba inú wáyà ń dá agbára òòfà sílẹ̀ yí wáyà ká. Iná wa kì í lọ tààrà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà náà sì ń ta kò ó ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yí padà, bí ilẹ̀kùn wúwo tí ènìyàn ń tì síwá sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́, omi, amọ̀, yanrìn, bákan náà ni wọ́n rí lójú òòfà. Irin nìkan ló yàtọ̀. Irin a máa kó òòfà jọ sára, a sọ ọ́ di ìlọ́po ìlọ́po, àtakò náà a sì wúwo. Èmi ni mo fi irin wọ wáyà kọ̀ọ̀kan láṣọ. Ṣùgbọ́n bí wáyà tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ bá jọ wà nínú páìpù kan, òòfà ọ̀kan yóò pa ti èkejì, kò ní ku ohun tí irin yóò kó. Zamfira ní ó dà bíi tọkọtaya tó ń pariwo lé ara wọn lórí, tí ará ìta kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kankan.

A tún bẹ̀rẹ̀. A ń ki páìpù bọ wáyà méjèèjì bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí a tún wọn iná, 13 géérégé. Ọ̀ọ́dúnrún mítà páìpù sì tún ṣẹ́ kù tí n ó fi ṣe ọgbà.

Ní ọjọ́ Sátidé, Gavril ti ohun ìwọn ooru bọ inú wàrà, ó wò ó, ó tún tì í bọ inú rẹ̀. Ó ní, “Ta ló kọ́ ọ?” Mo dá a lóhùn pé, “Ilé ìwé kan náà tí ìwọ sá kúrò ni.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé gbogbo rẹ̀. A kò ní ta màlúù kankan.

Bá mi kí Ruxandra, fẹnu ko Ilinca lẹ́nu fún mi. Zamfira àti Màmá ní kí n kí yín. Ìyáàfin Ortansa kò gbowó. Wàràkàṣì méjì ni wọ́n gbà. Bàbá Dumitrache ní tirẹ̀ ń béèrè owó. Mo ní yanrìn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ó ní, “Ṣé iná ni mo tà fún ọ ni, àbí yanrìn?” Mo fi 320 tó kù lọ́wọ́ mi lọ̀ ọ́, kò gbà á, ó ní àfi kí ó pé, tàbí kí n hú yanrìn òun jáde.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Leontin.

Owó yanrìn tí mo ṣì jẹ: 480 lei.