Búbákì Ilé Màmá

Ẹ̀yìn Ọjà Jikwoyi,
Ọ̀nà Karshi,
Abuja.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì, ọdún 2005.

Fáìzàh, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Òtútù Swansea ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ara ńkọ́, ilé-ìwé ńkọ́, ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́? Kí ìwé mi bá ọ láyọ̀. Bí a ṣe jọ pinnu, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Bí àmì orí ọ̀rọ̀ kan bá ṣìnà, fi ẹ̀rín jì mí.

Ṣé o rántí búbákì, iwin inú ilé tí onílé wa ní Swansea kì í yéé ròyìn? Ìdí ààrò àwọn ará Wales ló ń gbé, á máa gbálẹ̀, á máa po wàrà di bọ́tà nígbà tí wọ́n bá sùn, owó ọ̀yà rẹ̀ kò sì ju àwo mílíìkì kan lọ. Iwin yẹ̀yẹ́. Tiwa ń gbénú ìrókò, odindi ọdẹ ń sá fún un. Tiwọn ń fọ abọ́. Mo sọ ìtàn náà nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin níbí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ẹni tó wúlò nìyẹn, tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í lanu.

Ìdáyátù, ìyàwó tí Bùọ̀dá Hafeez ọmọ Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ń ṣa ẹ̀wà nítòsí. Ó bi mí kí ló máa ń lé búbákì kúrò nílé. Mo ní ọmọ-ọ̀dọ̀ kan ló da ìtọ̀ sínú àwo rẹ̀ dípò mílíìkì, ló bá kó lọ sí oko ẹlòmíràn. Ó ní, "Ó gbọ́n." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

O mọ àṣà wa, ìyàwó tuntun ní í jí ṣáájú gbogbo ilé. Kí a tó lajú, Ìdáyátù ti gbálẹ̀, ti fọ abọ́, ti ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà kún dúrọ́ọ̀mù. Ṣáájú Iléyá ni mo ti dé ilé yìí, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kí i kú iṣẹ́ rí. Àwa náà rèé, tí a ń kí ẹni tí a kò mọ̀ rí tó ń gbẹ́ gọ́tà lójú pópó.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn obìnrin àsálátù wá kí Màmá. Ọ̀kan nínú wọn yin ilẹ̀ ilé pé ó ń dán. Màmá ní, "Hikmah mi ni. Ọmọ yẹn mọ ilé tún ṣe." Hikmah, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ pé oòrùn ló ń jí i lórí bẹ́ẹ̀dì, kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ojú kò tì í. Ìdáyátù sì rèé, òun ló ń gbé omi tútù fún àwọn àlejò. Kò da omi nù. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ti dé inú àwo.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, dúrọ́ọ̀mù gbẹ, abọ́ ga bí Àpáta Àsò. Bùọ̀dá Hafeez ti gbé ọjà lọ sí Kano. Màmá gbé e kò mí lójú pé iwin tí mo kó wá láti Wales ti ń da ilé òun rú. Hikmah tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀mọ̀wé ló sáré lọ pe àfáà. Fáìzàh, ẹ̀rín pa mí, ọ̀rọ̀ wọn sì sú mi. Àfáà wọlé, ó wo dúrọ́ọ̀mù, ó wo abọ́, ó ní, "Ìyàwó yín ńkọ́?" Àṣé kò tíì sí ẹni tó wá a.

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Orozo ló lọ. Màmá rán mi sí i, ó di agolo mílíìkì mọ́ mi lọ́wọ́ pé kí n fi ṣìpẹ̀. Bí Ìdáyátù ṣe rí agolo náà, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àǹtí Òyìnbó, ẹ gbé mílíìkì yín padà. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé 'o kú iṣẹ́' lásán ni mo fẹ́, kó sì ti ẹnu àwọn fúnra wọn wá."

Mo jíṣẹ́. Màmá ní ta ni ọmọ yẹn pe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ọwọ́ Màmá fúnra rẹ̀ ni ìgbálẹ̀ wà, nítorí Hikmah ṣì ń sùn. Ó na ẹ̀yìn, ó bi mí bóyá búbákì yẹn padà sílé àkọ́kọ́. Mo ní kò padà. Mo tún ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Orozo. Mo fi hàn án. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ìgbálẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní kí oòrùn rọlẹ̀ ná. Mọ́tò Orozo ń kọjá, ó kàn ń wò wọ́n ni.

Bá mi kí onílé wa gan-an. Sọ fún un pé n kò ní fi búbákì rẹ̀ ṣẹ̀sín mọ́. Iwin lásán ni àwọn ará Wales ń bá gbé, wọ́n ṣì ń rántí gbé mílíìkì kalẹ̀.

Èmi ni tìrẹ tí kì í yẹ̀,
Rísíkàt.