Ìdí Tí Mo Fi Ní Kí Wọ́n Fún Ìwé Rẹ Ní Ìràwọ̀ Kan

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń kanra yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀? Ọlọ́run tó mú ọ dé ọ̀nà jíjìn kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ojú onílé rẹ kò ní korò sí ọ, ibi tí o bá sì fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò gbà ọ́, àmín. Àwa náà wà níhìn-ín, a ń dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ tó máa ń jẹ aṣọ wa lórí okùn ti bí ìbejì, òrùlé yàrá rẹ ṣì ń jò ṣùgbọ́n mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ kúrò lábẹ́ ibẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Èmi gan-an ni kì í kí, ó ní òun kò tíì dárí jì mí.

Má ju lẹ́tà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jọ̀wọ́. Mo pè ọ́ títí, o kò gbé e. Mo sọ̀rọ̀ sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́, wọ́n ní bí àmì méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá ti di búlúù, o ti gbọ́ nìyẹn, mo wá ń wo búlúù náà láti àárọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Àbúrò rẹ ló sọ fún wa pé o sunkún, pé o ní o kò ní kọ̀wé mọ́ láyé rẹ. Ọmọ mi, èmi ni mo fà á. Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí o tó gbà pé ìwé rẹ kò dára.

Nígbà tí páálí ìwé náà dé, ojú mi kò gbé lẹ́tà wínníwínní mọ́, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló ń kà á sókè fún mi. Mo gbé ìfági tí mo fi ń fá pákó sílẹ̀ kí ariwo rẹ̀ má bàa dí wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá wá gba àga á jókòó sórí àga náà, kò ní lọ mọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ alágbàfọ̀ inú ìwé náà sọnù ní ibùdókọ̀, Tíṣà Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí omi kò bọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní ekuru pákó mi ló kó sí òun lójú. Aránṣọ ní tirẹ̀ fi aṣọ oníbàárà nu imú. Mo ní ẹ wò ó, ọmọ mi ló kọ ọ́, owó ara rẹ̀ ló sì fi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ owó yẹn kò tíì yé mi títí di òní, nítorí n kò tíì rí káfíńtà tó kan àga tán tó tún wá ń sanwó kí èèyàn tó lè jókòó.

Ìgbà náà lo pè pé kí n bá ọ bẹ gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ọ kí wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tà á lórí fóònù, kí kálukú fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n àyà mi já. Márùn-ún lọ́wọ́ ẹnì kan! Mo rò pé ó dà bí owó ìpè tó wà nínú fóònù, pé bí èèyàn bá fún ọ ní márùn-ún, márùn-ún ti dín nínú tirẹ̀ nìyẹn. Mo wò ó pé aránṣọ ní ọmọ, Tíṣà Àgbà ní ọmọ-ọmọ, àwọn náà lè kọ̀wé lọ́la, kí ni wọn yóò wá rí fún tiwọn bí a bá ti gbà á tán lọ́wọ́ wọn? Mo ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹ jẹ́ kí kálukú mú ọ̀kan wá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo mú Ajíǹde dání, ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, o rántí pé nítorí bó ṣe ń jí fóònù tó ti kú dìde la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, a wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ajíǹde ní Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ márùn-ún o. Mo ní kó panu mọ́, pé n kò tọ́ ọmọ mi ní olójúkòkòrò. Aránṣọ fẹ́ tẹ márùn-ún, mo di ìka rẹ̀ mú. Tíṣà Àgbà kọ ọ́ sábẹ́ ìràwọ̀ kan tirẹ̀ pé láti ìgbà tí òun ti ń kàwé, òun kò tíì rí èyí tó wọ òun lára tó báyìí. Gbogbo wọn yìn mí pé mo mọ ẹ̀tọ́, mo sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Àfi ìgbà tí àbúrò rẹ dé. Ó ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀tẹ́ ni lójú àwọn tó ń rajà níbẹ̀, wọ́n á ní ìwé náà kò ṣeé kà. Ó tún ní kò dín nínú ti ẹnikẹ́ni, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́! Gbogbo bí mo ṣe ń ṣún un lò yìí, ọ̀fẹ́ ni! Ìyá rẹ ní ọmọ òun bèèrè omi, mo fi orí abẹ́rẹ́ bù ú lọ fún un. Ó dùn mí wọ egungun, oorun kò kùn mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ajíǹde ní wọ́n ṣì lè tún un tẹ̀. Mo tún lọ bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì pé sí ṣọ́ọ̀bù mi, Tíṣà Àgbà ti nu gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Ajíǹde ṣí ibẹ̀, kò rí ìwé náà mọ́. O ti yọ ọ́ kúrò. Aránṣọ ṣì na ìka rẹ̀ síwájú, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé gbogbo èèyàn ni mo sọ fún pé ìwé náà dùn, n kò sọ fún ìwọ. Mo rò pé fóònù yóò bá mi sọ ọ́. Ibi tí ọkọ alágbàfọ̀ inú ìwé náà ti máa ń gbọn ekuru pákó kúrò lára aṣọ rẹ̀ kó tó gbé ọmọ mọ́ra, mo ní kí aránṣọ tún un kà, mo wá bọ́ síta bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. N kò mọ̀ pé ò ń wò mí nígbà tí èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí o ṣe kéré tó. Ìwé rẹ dára, ọmọ mi. Ó dára gan-an.

Jọ̀wọ́, dá a padà síbẹ̀. Bí o bá ti dá a padà, bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kò ju iye ìwé kan lọ, nítorí Ajíǹde ní ọ̀rọ̀ ẹni tó bá fowó rà á ló máa ń wúwo jù níbẹ̀, owó sì wọ́n lọ́wọ́ mi lásìkò yìí. Má fi kún un o, kí ìyá rẹ má bàa ní mo tún sọ ẹ̀bẹ̀ di òwò.

Ọlọ́run yóò rán ẹni tó mọ iyì rẹ sí ọ. Ohun tí bàbá rẹ fi àìmọ̀ bàjẹ́, Ọlọ́run yóò bá ọ tún un ṣe. Orí rẹ kò ní gbàbọ̀dè, ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Bí o kò bá sì tíì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn, aránṣọ yóò kà á fún mi. Kódà bí o bá fi mí ṣe òmùgọ̀ inú rẹ̀, n ó gbé ìfági sílẹ̀, n ó sì gbọ́ ọ dópin.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.