Àga Tó Ṣófo Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Káfíńtà Wa

Sí aya olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ tó ń ránṣọ,

Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, káfíńtà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ọwọ́-yá, dákẹ́ lórí ibùsùn rẹ̀. Ọgbẹ́ ọkàn ni Ẹgbẹ́ Atolẹ́tà fi ń kọ̀wé yìí sí yín.

Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n mú eré títo lẹ́tà di ọ̀rọ̀ yìí wá sáàárín wa. Pákó tó bá ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́ ló fi gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì fá a títí tí kò fi lè gún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwa tí a dàgbà kí a tó mọ̀wé kà, èmi akọ̀wé pẹ̀lú, ìdí tábìlì eré yẹn ni ojú wa ti là. Eré náà kò gba ọ̀lẹ: gbogbo wa là ń to ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó bá kọ́kọ́ tò tán á pariwo, àwọn yòókù á tún ṣa lẹ́tà sí i. "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ẹ ń sùn ni?" ni olóògbé máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Méjì-méjì là ń ṣe é. Òfin wa ni pé ẹni tí ẹnìkejì rẹ̀ kò bá wá kò gbọdọ̀ tò. Kó máa po lẹ́tà fún àwọn tó ń tò. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn ti da àárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò rú, ọdún mẹ́sàn-án ni olóògbé fi po lẹ́tà. A bẹ̀ ẹ́ kó mú ẹlòmíràn. "Àbúrò mi ń bọ̀," ló máa ń wí. "Ẹ dìde lórí àga rẹ̀ jàre."

Ẹ̀yin ará ilé lẹ mọ iye ìgbà tó ránṣẹ́ pè é. Ní ọ̀sán Sátidé yẹn kan náà, kí ìròyìn tó kárí, àbúrò rẹ̀ aránṣọ wọlé síbi eré wa, ó kí wa, ó jókòó sórí àga náà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi ńkọ́?" Alága wa ló sọ fún un.

A kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ó korò lẹ́nu wa, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Àwọn káfíńtà inú ẹgbẹ́ yóò parí àwọn ilẹ̀kùn tó kù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ojú má ti opó rẹ̀ lọ́dọ̀ oníbàárà. Kí Ọlọ́run gbé aya àti ọmọ ró, kó sì bá aránṣọ gbé ẹrù tí apá rẹ̀ kò ká.

Ọdún mẹ́sàn-án tí àwọn méjèèjì ì bá fi jókòó ti ara wọn ti lọ.

Akọ̀wé, fún Ẹgbẹ́ Atolẹ́tà