Obìnrin Tó Kúnlẹ̀ Lórí Ìtàgé

Ojúlé 17, Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Sùúrùlérè,
Èkó.
12 Oṣù Kẹfà, 1976.

Sìmíátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ilé ńkọ́? Ọmọ tí ibà ń dà láàmú, ṣé ara rẹ̀ ti mókun? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn? Èmi wà láàyè, ọpẹ́ náà nìyẹn. Mo mọ̀ pé àdírẹ́sì òkè yìí á yà ọ́ lẹ́nu. Bó ṣe jẹ́ ni mo fẹ́ rò fún ọ.

O rántí ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí a jọ kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já? Ìtàn obìnrin aránṣọ tí ọkọ rẹ̀ lọ fún ọdún mẹ́sàn-án, tó wá mú obìnrin mìíràn dé. Aránṣọ gbé oúnjẹ fún un, ó dúró tì í títí ó fi jẹun tán, ó ní kó máa lọ, ó sì tilẹ̀kùn. Ìwọ ní ọkàn rẹ̀ le jù. Èmi ní òun nìkan ló gbọ́n nínú gbogbo ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa. Ọmọdé ló ń ṣe wá.

Oyèníran ọkọ mi tí iṣẹ́ gbé lọ sókè Ọya fún ọdún mẹ́ta, inú oṣù Kẹrin ló dé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mabel ló mú bọ̀, tòun ti oyún oṣù márùn-ún. Mo ní mi ò ní bá obìnrin náà gbé inú yàrá méjì tí a ní. Ẹbí bẹ̀ mí títí, mi ò gbà.

Ni ìyá ọkọ mi bá ní kí n múra, ká lọ wo eré olórin kan ní Yábàá. Àṣé ìtàn aránṣọ wa ni wọ́n sọ di orin Yorùbá! Inú mi kọ́kọ́ dùn. Orin náà dùn, Sìmíátù, mi ò ní purọ́. Nígbà tí ọkọ dé, mo ń retí kí aránṣọ tilẹ̀kùn. Kò tì í. Ó kúnlẹ̀, ó fi orin tọrọ àforíjì, ó gba ẹrù lórí ìyàwó tuntun, ó mú un wọlé. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Màmá fi ìgbúnwọ́ gún mi. "Ṣé o rí i? Obìnrin tó lọ́gbọ́n lórí nìyẹn."

"Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, Màmá."

"Ta ló ń gbé inú ìwé?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìwé náà jókòó tì wọ́n, mo túmọ̀ ojú ewé tó gbẹ̀yìn fún wọn. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Obìnrin kan ni, Màmá."

"Ṣé ó lọ́kọ?"

Mo pa ìwé náà dé. Ó wà níwájú ìwé pé kò lọ́kọ títí tó fi kú. Màmá tún gèlè wọn wé. "Mo ti mọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì jáde. Ó dùn mí ju ìgbájú lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Nígbà tí obìnrin yẹn kúnlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, omi bọ́ lójú mi, èmi náà sì pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo mọ ìwé yẹn lórí! Mo dá lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, bóyá mo máa lè kó ọwọ́ mi ró. Mo tún pàtẹ́wọ́. Ohun tó dùn ló ń pani, wọn ò purọ́. Mo wá mọ̀ pé bí mo bá fi lè lo oṣù kan sí i nínú ilé yẹn, màá kúnlẹ̀.

Sátidé tó kọjá ni mo kẹ́rù. Oyèníran dúró, ó ń wò mí.

"Kíkẹ́, nítorí ìwé òyìnbó?"

"Nítorí ìwé kọ́. Nítorí pé mo pàtẹ́wọ́ ni."

Kò yé e. Ó bá mi gbé àpótí dé ìdí takisí, kò sì ní kí n má lọ.

Má kọ̀wé sí mi pé mo ṣe akin. Ọbẹ̀ ẹni méjì ni mo sè lánàá, mo da ìyókù nù.

Bá mi kí Màmá rẹ àti àwọn ọmọ. Bí Tìrìmísíyù ọkọ rẹ bá béèrè mi, sọ fún un pé mo kó lọ síbi tó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,
Kíkẹ́.